Àwọn Ibojì Tí Òbí Kì í Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ọdún 2024

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá tí ó tún jí mi lówùúrọ̀ yìí, tí ó sì fi agbára díẹ̀ kún eegun ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ gbàdúrà. Ó tó ọpẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun nítorí iṣẹ́ tuntun. Lẹ́yìn ìsìn àná, Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, pè mí sí yàrá ẹ̀wù. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fẹnu kò: wọ́n fẹ́ mọ odi yí itẹ́ òkú àtijọ́ tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ká, wọ́n sì fẹ́ fi apá kan ilẹ̀ náà kọ́ gbọ̀ngàn ìpàdé. Èmi ni kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sùn síbẹ̀, àti orúkọ ẹbí rẹ̀ tí ó wà láàyè. Ibojì tí ẹbí bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tí kò bá ní ẹbí títí di Ọjọ́ Ìsinmi Imọ̀-Ọ̀pẹ, a ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Wọ́n ní èmi ni ó yẹ, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọdún méjìlélógún, ni mo ti ń ro ibẹ̀. Mo gbà. N kò rò ó kí n tó gbà.

Alága iṣẹ́ ilé náà ni Ẹnjiníà Olúmidé, ọmọ Màmá Elizabeth tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ ọjà. Ọmọlúàbí ni. Adó ni ó ń gbé. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni ó ń wálé. Téèpù ìwọnlẹ̀ kì í kúrò lápò rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń gba Oúnjẹ Olúwa. Nínú ìwé yìí nìkan, Ọ̀gbẹ́ni Téèpù ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù Kejì

Aago méje òwúrọ̀. Àdá, ọkọ́, pẹ́ńsù, ìgò omi. Ọyẹ́ ṣì bo òkè lójú. Erijiyan, ìlú wa, dàbí ìlú tí a fi aṣọ funfun bò.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ro ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń roko, koríko ni ó ń wò. Lónìí ni mo kọ́kọ́ wo àwọn ènìyàn.

Ibojì olùkọ́ kìíní, ẹni tí ó mú ìwé ABD wọ ìlú: àwọn baba wa ri àwo tánganran mẹ́rin mọ́ síméńtì rẹ̀, òdòdó ara àwo náà ṣì pupa. Ibojì ìyàwó rẹ̀: ìgò ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò yí i ká, oòrùn sì ń gba inú wọn kọjá bí ó ti ń gba fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gán kan ti gbé àgbélébùú igi mì. Apá méjèèjì nìkan ni ó yọ síta, bí ẹni tí ń gbàdúrà nínú ilẹ̀. N kò fọwọ́ kan ọ̀gán náà. Lórí síméńtì mìíràn, ẹnìkan ti fi ìka kọ ọ́ nígbà tí ó ṣì tutù, ní èdè ilé wa gan-an: ULE DUN. Kò sí orúkọ, kò sí ọdún. Ulé dùn, ilé dùn, ó parí. Mo bọ́ fìlà. Mo dúró pẹ́.

Ibojì àgbàlagbà jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta.

Lẹ́yìn náà mo dé ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn, lábẹ́ pèrègún. Òkìtì kéékèèké. Kò sí síméńtì, kò sí àwo, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo kà wọ́n síbẹ̀, nítorí iṣẹ́ ni. Mẹ́tàdínlógún. Mo kọ ọ́: Orúkọ — òfo. Ẹbí — òfo.

Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ mi ni. N kò mọ èyí tí í ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

N kò lọ. Orúnkún ni mo sọ fún Fíkà. Kì í ṣe orúnkún.

Ọjọ́rú Eérú, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì

A gba eérú níwájú orí. Erùpẹ̀ ni wá.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó lè wà níbì kan. Olúkáyọ̀dé. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì. Èéyi ni, ní oṣù Kìíní ọdún 1973, nígbà tí ó ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì ní àdúgbò wa. Ó máa ń pe ṣọ́ọ̀ṣì ní "ulé aago". Bí aago bá dún, á ní, "Wọ́n ń pè mí ní ulé aago."

Òbí kì í sin ọmọ. Àwọn àgbà ti ìlẹ̀kùn mọ́ èmi àti Ará Ulé — bẹ́ẹ̀ ni mo ń pe Hannah aya mi nínú ìwé, láti ọdún tí mo gbé e níyàwó. Hàrúnà káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi, ni ó kan pósí pátákó kékeré náà; òun àti katikíìsì ìgbà náà ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́, kí a má baà rí àwọ̀ erùpẹ̀ tí wọ́n tẹ̀. A kò bèèrè. A kì í bèèrè. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà máa padà síbẹ̀ títí ayé.

Láti ọjọ́ kejì ni ìlú ti dẹ́kun pípe aya mi ní Ìyá Káyọ̀dé. Ọdún méjì gbáko ni kò fi jẹ́ ìyá ẹnikẹ́ni lẹ́nu wọn, títí Ìrètí fi dé.

Katikíìsì ti sùn. Hàrúnà nìkan ni ó kù tí ó mọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì

Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá fọwọ́ sí ìwé lábẹ́ igi máńgòrò. Olúwọlé tí ó ní oko kòkó àti Abíọ́lá télọ̀ du ibojì ULE DUN. Abíọ́lá ní bàbá àgbà òun ni. Olúwọlé ní, "Bàbá àgbà yín tí ó ga bí òpó iná? Ṣé wọ́n ká a lẹ́sẹ̀ kò kí ó tó wọ inú èyí ni?" Abíọ́lá ní, "Tiyín ńkọ́, tí kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà, ta ni ó bá a kọ ọ́?" Ẹ̀rín pa gbogbo wa, ó pa àwọn náà. Nígbẹ̀yìn, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ìdílé méjì, ibojì kan. Òfin ìgbìmọ̀ kò ní kó má rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì

Ọ̀gbẹ́ni Téèpù dé pẹ̀lú èèkàn àti okùn. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí koríko: "Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá Ìrètí." Ó na okùn rẹ̀. Ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn bọ́ sórí ìlà àwọn ọmọ gẹ́lẹ́.

Mo bi í bóyá ó lè sún un. Ó ní apá kejì ni omi òkè ń gbà wálẹ̀ lákòókò òjò. Ògiri kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó wo ìwé mi. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyí kò lẹ́ni, bàbá. Bí wọ́n bá ní òbí, òbí ì bá ti wá wò wọ́n láti ọdún yìí wá." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ó sọ ọ́. Kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó gbé wọn sin ti kú tán, àyàfi Hàrúnà. Nítorí náà, òfin ìgbìmọ̀ àti òfin àwọn baba wa forí gbárí lórí òkìtì mẹ́tàdínlógún. Ibojì tí ènìyàn bá lè tọ́ka sí ni yóò dúró. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ni kò gbọdọ̀ lè tọ́ka sí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fo ìlà kan láìmọ̀. Ará Ulé wò mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì

Mo sọ fún un. Ó ń já ẹ̀fọ́. Nígbà tí mo fẹ́ sọ apá ibi tí ìlà náà wà, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ má sọ ọ́." Láti ọdún 1973, kò tẹ ibẹ̀ rí. Bí a bá ń sin àgbàlagbà, ẹnu ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń dúró sí.

Mo ní bí n kò bá lọ bèèrè, wọn yóò tẹ́ ẹ, wọn yóò kọ́lé lé e.

Ó ní, "Bàbá Ìrètí, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ lọ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ dúró síta títí ojú yín yóò fi sinmi. Èmi ń ka ojú yín ju bí ẹ ti ń ka Bíbélì lọ."

Ó ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ nìṣó. Nígbà tí ó parí, igi ẹ̀fọ́ ni ó dà sínú ìkòkò; ewé ni ó kó dànù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta

Ọ̀sẹ̀ méjì ó dín díẹ̀ sí Imọ̀-Ọ̀pẹ. Gbogbo ibojì àgbàlagbà ti ní ẹbí. Òfo mẹ́tàdínlógún ni ó kù nínú ìwé. N kò tí ì lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta

Mo lọ.

Hàrúnà jókòó sórí ẹní níwájú ilé, Rùkáyàt ọmọ rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrin Ràmàdánì. Tiwa náà, Lẹ́ńtì. Ó kígbe: "Tíṣà! Ìwọ ń gbààwẹ̀, èmi ń gbààwẹ̀, ta ni yóò fún ta ni lómi?" Mo ní èmi ti mu ẹ̀kọ lọ́sàn-án. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀, àìrí ẹran jẹ ni." Rùkáyàt rẹ́rìn-ín títí ó fi da ẹ̀wà nù.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan gbé mi wá. Ó wo ojú mi, ó rán Rùkáyàt wọlé.

Mo bèèrè ibi tí ọmọ mi sùn sí. Ètè rẹ̀ gbẹ. Ó ní òun mọ ibẹ̀. Ó ní òun lè di ojú rìn débẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́, Tíṣà. Bí o bá ń ro ibẹ̀, èwo ni o máa ń fi sílẹ̀?"

Mo ní n kì í fi ọ̀kankan sílẹ̀.

"Èwo ni o máa ń fi ọwọ́ tu koríko rẹ̀, tí o kì í fi ọkọ́ kàn?"

Mo ní gbogbo wọn ni mo máa ń fi ọwọ́ tu.

"Nítorí kí ni?"

Kò dúró de ìdáhùn. Ó mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Bí mo bá wá nàka sí ọ̀kan wàyí, àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù á di ọmọ òrukàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Èmi kò ní ṣe é. Ìwọ gan-an kò fẹ́ kí n ṣe é. Ẹ̀rù ni ó gbé ọ wá."

Mo sunkún níwájú ọ̀rẹ́ mi, àgbà tí ó yẹ kí ó tọ́jú ojú rẹ̀. Ó fà mí láṣọ. "Nu ojú rẹ kí Rùkáyàt tó jáde. Á rò pé ààwẹ̀ ni."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

N kò sùn dáadáa. Mósè ni mo ń rò. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sin ín, ó sì fi ibojì náà pa mọ́ fún gbogbo Ísírẹ́lì. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn yìí, n kò sì rí inú rẹ̀. Mo rò pé ìpamọ́ lásán ni. Àbí ó fẹ́ kí gbogbo àfonífojì náà jẹ́ ti Mósè ni? Ẹni tí a kò fi ibì kan hàn, ibi gbogbo ni ó gbọdọ̀ bọ̀wọ̀ fún.

Ẹ̀rù mímọ́ bà mí lórí ibùsùn. Mo dìde, mo lọ bá Fíkà. Mo tọrọ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹta

Kí Olúwa jẹ́ kí n lè kọ èyí bí ó ti rí.

Lẹ́yìn ìkéde, mo lọ síwájú. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìlà kékeré náà àti òfin ìgbìmọ̀. Mo ní n kò wá bèèrè ẹni tí ó mọ ibojì ọmọ rẹ̀; mo wá bèèrè ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ní èmi ni àkọ́kọ́, ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Mo ní ẹni tí ó bá dàbí mi, bí ó bá wù ú, kí ó dìde. Kí ó má sọ orúkọ. Kí ó má sọ ọdún.

Ìró fáànù nìkan. Ẹnìkan wúkọ́. Mo rò pé mo ti tú àṣírí tí kò yẹ kí n tú.

Màmá Elizabeth ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, kò wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀, Caleb tí ń lu aago ṣọ́ọ̀ṣì — ẹni tí a jọ dàgbà, tí n kò mọ̀ pé ó ṣòfò rí. Yẹ́misí tí mo kọ́ ní pírámárì, tí irun rẹ̀ ti funfun báyìí, dìde láàrin àwọn akọrin. Tọkọtaya kan ní ẹ̀yìn, ọkọ ń fa aya rẹ̀ dìde. Ibí yìí, ibẹ̀ yẹn. Àwọn tí wọ́n ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ogójì ọdún ń wo ara wọn bí àlejò. N kò kà wọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé wọ́n ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ilẹ̀ ti jẹ àwọn òkìtì mìíràn tẹ́jú, a sì ti ń gba orí wọn kọjá láìmọ̀.

Nígbẹ̀yìn, ní ìlà àwọn ìyá, lápá òsì, Ará Ulé dìde. Kò sunkún. Ó dúró bí ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀.

Fíkà wa, ọmọdékùnrin tí ó kàwé ní ìlú ńlá, bọ́ sílẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó kúnlẹ̀ sí àárín ọ̀nà. Kò gbàdúrà sókè. Mi ò rí irú ìsìn yẹn rí.

Ọ̀gbẹ́ni Téèpù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà, ó gbójú sókè sí i bí ẹni tí ń wo òrùlé tí ń ṣí. Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Bàbá, ṣé èmi kọ́ ni àkọ́bí ni?" Mo ní kí ó bi ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti bi í. Ó ní ìyá òun dáhùn pé, "Ìwọ ni àkọ́bí tí a ń fojú rí."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta

Wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé. Fíkà bèèrè ibojì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ sí. Mo ní gbogbo rẹ̀. Gbogbo orúkọ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, títí ewé mẹ́tàdínlógún yóò fi pé. Ìlà tí mo fà sí abẹ́ "Ẹbí" kò gbà wọ́n. Wọ́n ń kọ ọ́ sí etí ìwé.

Caleb kò mọ̀ ọ́n kọ. Àtàǹpàkò ni ó ń tẹ̀. Nígbà tí ó dé ìkẹwàá, mo ní ó tó, a ó bá a kọ ìyókù. Ó ní rárá. "Ó lè jẹ́ èyí tí mo bá fò ni." Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi parí.

Ọjọ́ Àìkú Imọ̀-Ọ̀pẹ, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta

Ìgbìmọ̀ jókòó. Ọ̀kan nínú wọn ní ìwé mi kò bófin mu: báwo ni ogún òbí yóò ṣe ní ọmọ kan? Ó ní bí a bá ń ṣe báyìí, a kò ní rí ilẹ̀ kọ́ nǹkan kan láé. N kò tí ì lanu tí Ọ̀gbẹ́ni Téèpù fi dìde. Ó tẹ́ àwòrán ilé náà sílẹ̀. Ó ti yí i. Gbọ̀ngàn ti bọ́ sí apá ọgbà ilé-ìwé àtijọ́, ó ti kéré sí i, gọ́tà yóò sì gba omi òkè lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ nínú ìlà yẹn, ẹ̀yin àgbà. Èmi náà kò mọ èyí tí í ṣe é."

Alàgbà tí ó ń jiyàn ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta Mímọ́, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, ilẹ̀ rọ̀. Àwọn òbí wá láti roko. Kò sí ẹni tí ó mú ọkọ́ wá. Ọwọ́ lásán ni gbogbo wọn fi ń tu koríko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn.

Aago mẹ́sàn-án, Ará Ulé kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó wọ inú itẹ́ òkú. Kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó tu ú mọ́ tónítóní, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ erùpẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń tẹ́ ọmọ sùn. Ó sún sí èkejì. Títí di ọ̀sán. Kò yára lórí ọ̀kan, kò pẹ́ lórí ọ̀kan. Mo ń wò ó, mo sì ń wo Ọlọ́run.

Hàrúnà wá kí wa. Ó dúró lẹ́yìn pèrègún, lórí ọ̀pá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ìlà náà. Wákàtí kan gbáko, kò yíjú. Mo fẹ́ pè é kí ó wá jókòó lábẹ́ òjìji, kí n tó mọ ìdí rẹ̀: kí ojú rẹ̀ má baà ṣèèṣì bà lé ọ̀kan, kí a sì rí i.

Ará Ulé ti mọ̀ ọ́n ṣáájú mi. Ó gbóhùn sókè láti ibi tí ó jókòó sí: "Bàbá Rùkáyàt, ẹ ṣeun o."

Ó ní, láìyíjú, "Kí ni mo ṣe, ìyàwó wa?"

Ó ní, "Ẹ̀yìn yín ni mo ń kí."

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta

Ó jíǹde. Mo ti dá ìwé àkọsílẹ̀ padà fún Fíkà. Lábẹ́ "Orúkọ", òfo mẹ́tàdínlógún ṣì wà. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí ìwé yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn mi, n kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mo súre fún ọ. Kí Ẹni tí ó mọ ibi tí olúkúlùkù sùn sí máa ṣọ́ ibi tí ìwọ ń jí sí. Kí arúgbó ilé rẹ gbó, kí àgbà ilé rẹ má ṣòfò, kí oúnjẹ alẹ́ máa bá gbogbo ọmọ rẹ ní ìjókòó. Àmín.